Ọ̀rọ̀-Ìṣe ‘Jẹ’ àti Ìwé Àkọsílẹ̀ Ìyá Àgbà: Ìrírí Olùkọ́ Yorùbá Kan ní Accra

Olùkọ́ tó bá ní òun kò ṣàṣìṣe rí níwájú akẹ́kọ̀ọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò tíì pẹ́ nídìí iṣẹ́ ni. Èmi tí mo ń kọ àròkọ yìí ti pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, àṣìṣe mi kò sì kéré. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, nítorí ó dá mi lójú pé èmi nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Ó dá lórí ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré kan tí gbogbo wa máa ń fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí a kì í sì í padà sí mọ́ lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ni ‘jẹ’.

Ní ọdún 2014 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Yorùbá ní ìlú Accra, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, fún wákàtí méjì-méjì. Yàrá kan tí a háyà ní Accra New Town ni a ń lò. Ẹni tó bá mọ ìtàn yóò mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fún ọmọ Yorùbá. Lagos Town ni orúkọ tí wọ́n ń pe àdúgbò náà tẹ́lẹ̀. Kí orílẹ̀-èdè náà tó gba òmìnira ní ọdún 1957, kó tó yí orúkọ rẹ̀ padà láti Gold Coast sí Gánà, ni àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ṣakí ti ń tajà káàkiri ibẹ̀. Títí di òní, ‘alata samina’ ni àwọn ará Gánà ń pe ọṣẹ dúdú, Alata sì ni orúkọ tí wọ́n fún àwa tí a ti apá Nàìjíríà wá. Síbẹ̀, Yorùbá kò sí nínú àwọn èdè ìbílẹ̀ tí ìjọba Gánà fọwọ́ sí fún kíkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Accra, tí òbí rẹ̀ kò sì kọ́ ní èdè nílé, àfi kó wá irú wa kàn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò ju mẹ́wàá lọ. Àwọn tó ń sọ Twi pọ̀ jù nínú wọn. Bàbá kan wà tó jẹ́ Gà láti James Town, tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀fà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láti Nima, tí Hausa jẹ́ èdè ẹnu rẹ̀. Ọmọ Ṣáínà kan tilẹ̀ wà, oníṣòwò aṣọ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàrin Èkó àti Accra, tó ní ó ti sú òun kí àwọn oníbàárà òun máa sọ̀rọ̀ lórí òun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ ni arábìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, Akan ni ìyá rẹ̀, Accra ni wọ́n sì bí i sí. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọdé, èdè Yorùbá sì bá bàbá náà lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo kọ ‘jẹ’ sójú pátákó. Mo wá to ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni to ìgò epo sí orí àtẹ: ti oúnjẹ, ti oyè, ti ogún, ti ìyà, ti gbèsè, ti ẹ̀bi, ti orúkọ, títí ó fi pé mẹ́rìnlá. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dà á kọ. Nígbà tí mo dán wọn wò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà ti dàrú mọ́ wọn lójú. Ẹnì kan kọ ọ́ pé nígbà tí ọba jẹ, gbogbo ìlú ló pèsè oúnjẹ fún un. Ẹlòmíràn ní ẹni tó jẹ ogún ti jẹ nǹkan ogún, ó ń wá ohun tí wọ́n kà. Lójú wọn, ‘jẹ’ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan tó ní ẹ̀ka; ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlá ni, tó kàn ṣèèṣì jọra. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ṣe alárinà ló gé ọ̀rọ̀ náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, nítorí kò sí ohun tó so àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rìnlá yẹn pọ̀. Mo rò pé bí wọ́n bá tún un kà, yóò yé wọn. Àṣìṣe mi nìyẹn, n kò sì mọ bó ṣe tóbi tó títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, arábìnrin nọ́ọ̀sì yìí dúró. Ó fa ìwé àkọsílẹ̀ kan yọ nínú báàgì rẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń lò láyé àtijọ́, tí ojú ewé rẹ̀ ti pọ́n. Ti ìyá bàbá rẹ̀ ni. Ìyá náà kò mọ ìwé. Òun ló ń sọ ọ́, bàbá arábìnrin yìí, tó jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà, ló ń kọ ọ́. Ọdún tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ìwé náà ni 1969.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ yóò rántí ohun tí ọdún náà jẹ́ fún àwọn ènìyàn wa. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà K. A. Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á tàbí kí wọ́n kúrò ní Gánà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó ti lo ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀, tí wọ́n ti kọ́lé, tí wọ́n ti bímọ, kó ẹrù tí wọ́n lè kó, wọ́n fi èyí tí wọn kò lè kó sílẹ̀. Nàìjíríà náà ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ará Gánà ní ọdún 1983, báàgì onílà tí wọ́n fi kó ẹrù nígbà náà sì ń jẹ́ ‘Ghana Must Go’ títí di òní. N kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Mo sọ ọ́ nítorí pé ẹni tó ń tajà àwìn ní ọjà, tí wọ́n fún ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò nílùú, ọ̀rọ̀ gbèsè ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Ohun tó wà nínú ìwé náà kò ní àmì ohùn, kò sì ní àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyí: ‘Iya Adabraka je mi, 8. Baba eleran Nima je mi, 14.’ Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí orúkọ fi pé mẹ́tàdínlógún. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, gbólóhùn kan ṣoṣo ló dá dúró: ‘Emi ko je enikeni.’

Arábìnrin yìí ti fi ìwé atúmọ̀ èdè wá ìtumọ̀ ‘je’ lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Ohun tó rí ni pé Ìyá Adabraka fi ìyá àgbà ṣe oúnjẹ. Ó ti wo fíìmù Yorùbá tó láti mọ ohun tí à ń pè ní àjẹ́. Ó sì ti gbọ́ ní ilé ìyá rẹ̀ pé ìyá Alata náà bá àwọn aládùúgbò fa ọ̀rọ̀ kó tó kúrò nílùú. Ó wá gbà pé orúkọ àwọn tí ìyá àgbà fura sí pé wọ́n ń fi àjẹ́ jẹ òun ló wà nínú ìwé náà, àti pé iye ìgbà tí wọ́n jẹ ẹ́ ni nọ́ńbà tó tẹ̀ lé orúkọ wọn. Ní ti gbólóhùn ìkẹyìn, ẹnì kan tó ní òun gbọ́ Yorùbá ti túmọ̀ rẹ̀ fún un pé, ‘Èmi kì í ṣe ẹnikẹ́ni.’ Lójú rẹ̀, obìnrin tó bínú, tó fura sí gbogbo ayé, tó sì fi ìtìjú kúrò nílùú, ni ìyá bàbá rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí ti ránṣẹ́ pè é láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé kó wá síbi ìrántí ìyá náà, kó sì mú ohunkóhun tó bá jẹ́ tirẹ̀ dání. Ó bi mí bóyá kí òun mú ìwé náà lọ, tàbí kí òun dáná sun ún kó tó dé iwájú wọn.

Mo sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé gbèsè ni. Ó ṣí ìwé tó fi ń gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ mi, ó wo ìlà karùn-ún nínú mẹ́rìnlá tí mo kọ fún wọn, ó ní, ‘Ọ̀gá, ẹ kọ́ wa pé “jẹ gbèsè”. Níbo ni gbèsè wà nínú èyí?’ N kò rí èsì gidi fún un. Mo ní bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń sọ ọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni àkọ́kọ́ ṣe sọ. Kò rí mi fín. Òtítọ́ ló sọ. Ẹni tí wọ́n ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún lẹ́ẹ̀kan tí kò tọ̀nà, kò yẹ kó tún gba ti ẹlòmíràn gbọ́ láìrí ẹ̀rí tí ojú òun fúnra rẹ̀ lè rí.

N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Mo mú ìwé atúmọ̀ èdè Twi tí J. G. Christaller gbé jáde ní ọdún 1881, mo sì wá ọ̀rọ̀ wọn tó dúró fún oúnjẹ jíjẹ, èyí tí í ṣe ‘di’. Àyè tí ọ̀rọ̀ náà gbà nínú ìwé yẹn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rẹ́rìn-ín sí ara mi. Ohun tí mo ń fi Gẹ̀ẹ́sì wá kiri ti wà lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láti ilé wọn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mo nu pátákó mọ́. Mo ní kò sí Gẹ̀ẹ́sì lónìí. Ìbéèrè kan ni mo bi wọ́n: ‘Nínú èdè tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ láyé, kí ni ènìyàn máa ń jẹ tí kì í ṣe oúnjẹ?’ Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jáde bí omi. Arábìnrin nọ́ọ̀sì ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní nínú Twi, ‘di’ wà nínú ‘ahenni’, ìyẹn ipò ọba. Ó wà nínú ‘ɔdedifoɔ’, ìyẹn ẹni tó ń jẹ ogún. Ẹni tó jẹ̀bi nílé ẹjọ́, ‘di fɔ’ ni; ẹni tó jàre, ‘di bem’ ni. Bàbá Gà ní ‘ye’ ni tiwọn, òun ló sì wà nínú ‘maŋtsɛyeli’, ìyẹn ìjọba. Ọmọ Ṣáínà náà nawọ́, ó ní ní ìlú tàwọn, ẹni tó ń jìyà ń jẹ ohun kíkorò ni: ‘chī kǔ’. Mo kọ ‘jẹ ìyà’ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi bí ó ṣe di ‘jìyà’ hàn wọ́n, gbogbo kíláàsì sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tó kan ọ̀dọ́mọkùnrin Nima, ó ní nínú Hausa, ẹni tó gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí kò tíì san án, ó ‘ci bashi’, ó jẹ gbèsè. Arábìnrin nọ́ọ̀sì gbójú sókè, ó wò mí, kò sì sọ̀rọ̀.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun tó so gbogbo wọn pọ̀. Àwọn ni wọ́n rí i, kì í ṣe èmi. Ohun tí ènìyàn bá jẹ ti wọ inú rẹ̀, ó ti di tirẹ̀, ìbáà dùn, ìbáà korò. Oyè wọ inú ẹni tó jẹ ẹ́, ó sì sọ ọ́ di ẹlòmíràn. Ogún di ti ẹni tó jẹ ẹ́. Ìyà àti ẹ̀bi kò kúrò lára ẹni tó jẹ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni owó: ẹni tó ra ọjà mi láwìn, ikùn rẹ̀ ni owó mi wà. Bí mo bá ní, ‘Ó jẹ mí ní sídì mẹ́jọ’, a gbọ́ gbèsè nínú rẹ̀ bí a kò tilẹ̀ dárúkọ gbèsè. Àwọn ará ọjà a sì máa gé e kúrú sí ‘Ó jẹ mí’. Ẹni tó bá ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà kò nílò ìlà mẹ́rìnlá mọ́.

Ṣùgbọ́n ìjọra kì í ṣe ìbejì. Kò pẹ́ tí ẹ̀kọ́ tuntun yìí fi bí àṣìṣe tirẹ̀. Twi a máa lo ‘di’ fún eré àti iṣẹ́: ‘di agorɔ’, ‘di dwuma’. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá sọ fún mi pé, ‘Mo jẹ eré lánàá.’ Òmíràn ní òun jẹ iṣẹ́ ní báńkì. Mo ní kí wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa: ‘ṣe’ ni Yorùbá ń lò fún eré àti fún iṣẹ́. Bí ẹ bá sì gbé ohùn ‘jẹ’ sókè, ‘jẹ́ iṣẹ́’ ti di nǹkan mìíràn: ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ti jíṣẹ́ tí wọ́n rán an. Twi fi ‘di’ kan náà sọ ti ẹ̀rí, ‘di adanse’. Ní tiwa, ‘jẹ́rìí’ ni, ohùn òkè ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a dé ilé kejì, ilé ‘jẹ́’: jẹ́ olùkọ́, jẹ́ orúkọ, jẹ́wọ́, jẹ́ ìpè, jẹ́ kí; oògùn jẹ́, oògùn kò jẹ́. Ilé kẹta ni ‘jẹ̀’, ti ẹran tó ń wá koríko kiri nínú pápá. Ohùn ni ìlẹ̀kùn ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí kò mọ ohùn kò mọ ilé tí òun ń wọ̀.

Ibẹ̀ ni arábìnrin nọ́ọ̀sì ti ní òun fẹ́ kọ gbólóhùn kan sójú pátákó. Ó kọ ọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ ọ́, láìsí àmì kankan: ‘Emi ko je enikeni.’ Kò sọ ibi tó ti rí i. Kíláàsì pín sí mẹ́ta. Àwọn kan ní ẹni tó sọ ọ́ ń sọ pé òun kò fi ènìyàn ṣe oúnjẹ. Àwọn kan gbé ohùn ‘je’ sókè, wọ́n ní ó ń sọ pé òun kò jámọ́ nǹkan kan láàrin àwọn ènìyàn. Ọmọkùnrin Nima ní gbèsè ni: kò sí ẹni tó lè bi í ní owó. Mo jẹ́ kó yé wọn pé èdè Yorùbá gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbólóhùn náà kò lè dá ara rẹ̀ láre. Àfi kí a bi àwọn gbólóhùn tó wà nítòsí rẹ̀ léèrè.

Arábìnrin náà mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde, ó ṣí ojú ewé tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn. Kò tíì bìkítà fún un rí, nítorí kò rí ‘je’ níbẹ̀. Orúkọ márùn-ún ló wà níbẹ̀, iye kan tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbólóhùn kékeré kan sì tẹ̀ lé iye náà: ‘Mo san fun un.’ Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Èmi pàápàá kò tíì wo ojú ewé náà. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi lé e kúrò nílùú, tí ènìyàn mẹ́tàdínlógún sì jẹ ẹ́ ní owó, ìyá àgbà ń lọ láti ilé dé ilé láti san owó tí òun náà jẹ ẹlòmíràn. Ìgbà tó san ti ẹni karùn-ún tán ló ní kí ọmọ òun ṣí ojú ewé tuntun, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò jẹ ẹnikẹ́ni.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni arábìnrin náà mú pẹ́ńsùlù. Ó bi mí irú àmì ohùn tó yẹ kí òun fi sórí ‘je’ náà. Mo ní kò sí àmì kankan. Ohùn àárín ni, a kì í fi àmì sí i. Àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà nìkan ló kù. Ó fi í sí i, ó ṣe é jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fi oògùn sí ojú egbò. Ó mú ìwé náà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó padà dé, ó ní òun ka ojú ewé ìkẹyìn sí etí ìgbọ́ gbogbo mọ̀lẹ́bí, kò sì sí ẹni tó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ òun.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ọ̀nà tí mo ń gbà kọ́ ‘jẹ’ padà. N kì í kọ ọ́ sójú pátákó ní òun nìkan mọ́. Àbọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń kọ tẹ̀ lé e, ìbáà jẹ́ oúnjẹ, oyè, ìyà tàbí ènìyàn, nítorí àbọ̀ ló ń sọ irú jíjẹ tó jẹ́. Mo máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí èdè tirẹ̀ ń ṣe kí n tó ya Gẹ̀ẹ́sì lò, mo sì máa ń fi ibi tí èdè rẹ̀ àti tiwa ti pínyà hàn án lọ́jọ́ kan náà, kí ìjọra má baà tàn án. Ní ti àmì, ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà, n kì í gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi mọ́ pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n. Èyí kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwa tí a wà lẹ́yìn odi. Olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ Hausa ní Yorùbá ní Ìbàdàn, tàbí tó ń kọ́ ọmọ Igbo ní Èkó, lè béèrè ohun kan náà tí mo béèrè ní Accra: kí ni ẹ máa ń jẹ ní ilé yín tí kì í ṣe oúnjẹ?

Ọdún márùndínláàádọ́ta ni gbólóhùn ìyá àgbà yẹn fi wà nínú ìwé, tí wọ́n ń kà á ní àkàgbé. Ó ti san gbogbo ohun tó jẹ kó tó kúrò nílùú, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ṣì wà ní gbèsè lọ́dọ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ọmọ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú ìtumọ̀ mẹ́rìnlá lọ́wọ́, n kò sì lè bá a san án. Ìdí nìyí tí n kò fi tún lè pe ‘jẹ’ ní ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mọ́.